Ta Ni Hárúnà Rẹ? Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tí Dókítà Ní Kí Ó Dín Sísanra Kù

Bismillaahir Rahmaanir Rahiim.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Allah ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn ní ẹ̀dá tó dára, tí Ó sì yá wa ní ara yìí lò fún ìgbà díẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin,

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí, orí ara mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oníwàásù tó bá ń fi àìsàn ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ, tó wá fi tirẹ̀ pamọ́, kò tíì ṣòótọ́ tó.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, mo sì ti ń jókòó lórí àga kírun. Kì í ṣe pé mo ṣubú lórí ọ̀kadà, kì í sì í ṣe pé wọ́n bí àbùkù mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Orúnkún mi ni kò gbé mi mọ́. Bí mo bá forí kanlẹ̀, kí n tó rí ara gbé dìde, lèmọ́mù yóò ti ka Fàtíhà tán. Ni mo bá gba àga. Bàbá arúgbó kan tó ń jókòó kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ wo mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àáfà, ẹ̀yin náà ti dara pọ̀ mọ́ wa?" Àwàdà ni wọ́n fi ṣe, àmọ́ n kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo lọ rí dókítà. Wọ́n gbé mi lé òṣùwọ̀n, ó fi kílò 118 hàn. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, ó jẹ́ 170 lórí 110. Wọ́n bi mí nípa bàbá mi. Mo ní rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n, pé ọdún méjì gbáko ni ìyá mi fi ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àáfà, n ó kọ oògùn fún yín, ẹ ó sì máa lò ó. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dín bí ẹ ṣe sanra yìí kù."

Ẹ̀yin ará mi, ta ni kò mọ èyí? Gbogbo ẹni tó sanra ló mọ̀ pé òun sanra. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un ni bí yóò ti ṣe é, àti ẹni tí yóò bá a ṣe é.

Bí Mo Ṣe Dá A Ṣe, Tí Kò Ṣeé Ṣe

Ìgbà mẹ́ta ni mo dá a gbìyànjú. Lákọ̀ọ́kọ́, mo gba ààwẹ̀ léraléra láìjẹ sàárì. Mo jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé ìjọ́sìn ni, Ọlọ́hun sì mọ̀ pé nítorí ikùn ni. Bí mo bá wá ṣínu lálẹ́, oúnjẹ ènìyàn méjì ni mo ń jẹ. Ní ọjọ́ kejìlá, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú lójú àwọn ọmọ ilé-kéú mi.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo ra àgbo ìfọnra lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó nínú ọkọ̀. Inú mi ṣí fún ọ̀sẹ̀ kan, òṣùwọ̀n fi kílò mẹ́rin wálẹ̀, inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ padà. Omi ara mi ni mo ń yàgbẹ́ rẹ̀ dànù, ọ̀rá kò kúrò níbi tó wà.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀, mo rò pé mo ti yá, mo pa oògùn ìfúnpá tì láìbi dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n mí, ó ti ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n béèrè pé, "Ọmọ mélòó ni ẹ bí?" Mo ní mẹ́ta. Wọn kò sọ ohunkóhun mọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.

Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Mo mọ òwe náà láti kékeré, àmọ́ ìtìjú kò jẹ́ kí n lò ó. Mo rò pé àáfà tó ń kọ́ ènìyàn ní ìkóra-ẹni-níjàánu kò yẹ kó jẹ́wọ́ pé àmàlà ń borí òun.

Ẹni Tó Wá Kan Ilẹ̀kùn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa wá bá mi. Bíríkìlà ni. Ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ máa gbọ́ kéú mi láti Súrà Náásì lọ sókè. Àmọ́ mi ò ní àyè àfi ìgbà tí mo bá ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹ bá lè máa sìn mí dé ìdajì ọ̀nà, Ọlọ́hun á san yín ní ẹ̀san." Ta ni olùkọ́ tí yóò kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? A bẹ̀rẹ̀. Òun á máa ka súrà, èmi á máa tún un ṣe, a ó sì máa rìn. Ọjọ́ kìíní, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo lè rìn kí n tó wá ibi jókòó. Ó dúró tì mí, ó ń tún ẹsẹ Alùkùránì kan náà kà, bí ẹni pé òun ló gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, a ti ń rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé ọkọ̀ ni arákùnrin yìí ti máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rí mi lórí àga nínú mọ́sálásí, ó sì wá ọgbọ́n tí yóò fi ràn mí lọ́wọ́ láìtàbùkù mi.

Ìyàwó mi náà ṣe tirẹ̀. Kò se ọbẹ̀ tèmi lọ́tọ̀ bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Ó dín epo, iyọ̀ àti magí kù nínú ìkòkò gbogbo ilé. Ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i, òkèlè kéré sí i, ẹ̀wà ń wá lemọ́lemọ́. Ó sì ṣíwọ́ bíbi mí pé, "Ṣé kí n bù kún un?"

Lẹ́yìn oṣù méje, òṣùwọ̀n fi kílò 107 hàn. Ìfúnpá mi jẹ́ 138 lórí 86, oògùn sì wà níbẹ̀, mo ṣì ń lò ó. N kò tíì di ẹni tẹ́ẹ́rẹ́. Àmọ́ mo ti gbé àga kúrò. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo forí kanlẹ̀ lórí ẹní, mo pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lè rò pé n kò lè dìde ni. Ẹkún ni mo ń sun.

Ànábì Mùsá Pàápàá Tọrọ Olùrànlọ́wọ́

Ẹ jẹ́ kí a wo Ànábì Mùsá. Nígbà tí Ọlọ́hun rán an sí Fìríáónà, ohun tó tọrọ wà nínú Súrà Tá-Há, láti ẹsẹ 29 dé 35. Ó bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fi Hárúnà ọmọ ìyá òun ṣe olùrànlọ́wọ́ fún òun, kí Ó fi í gbé òun ró, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa ṣe àfọ̀mọ́ fún Ọlọ́hun kí wọ́n sì máa rántí Rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀ ló sọ pé òun nílò ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ta ni èmi àti ìwọ tí a ní a ó dá a ṣe?

Ẹ tún wo Salmánù àti Abú Dáádáì. Ànábì (S.A.W.) ló so wọ́n pọ̀ ní ọmọ ìyá ẹ̀sìn. Nígbà tí Salmánù lọ kí i nílé, tó rí i pé ó ń fi ààwẹ̀ àti ìrun òru pa ara rẹ̀ àti aya rẹ̀ lára, kò lọ sọ ọ́ káàkiri ìlú. Ó bá a jókòó jẹun, ó sùn sílé rẹ̀, nígbà tí òru lọ tán àwọn méjèèjì jọ dìde kírun, ó wá sọ fún un pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú Ànábì, ó ní òótọ́ ni Salmánù sọ. Búhárì ló gbà á wá. Ẹ ṣàkíyèsí bí Salmánù ṣe ṣe é: ó kọ́kọ́ bá a gbé, kó tó bá a wí.

Ohun tí ẹ̀sìn sọ yìí, ìmọ̀ ìṣègùn náà rí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní 2002 lórí ènìyàn 3,234 tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga àmọ́ tí kò tíì di àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn gbìyànjú láti dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Iye àwọn tí àrùn ṣúgà mú nínú wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní agbára. Oògùn ṣúgà tí wọ́n fún apá kẹta kò ṣe tó bẹ́ẹ̀, ìdá 31 ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ níbẹ̀: wọ́n yan olùkọ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó ń rìn, ó sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ 16, ó ń tẹ̀ lé wọn, ó ń gbà wọ́n níyànjú. Kò sí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó máa lọ, kó lọ fọn.

Ẹni tó wọn kílò 100, kílò méje ni ìdá méje rẹ̀. Kò pọ̀ jù. Kílò kan tí ènìyàn bá sì dín kù, ó ń gbé bí ìwọ̀n kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ahọ́n Wa Ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa. Arábìnrin kan wà tó ti máa ń wá sí ìpàdé àwa ọ̀dọ́ déédéé. Àrùn ṣúgà ti ń bá a jà láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì sanra. "Òróbó" ni a ń pè é. A ní ìfẹ́ ni. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ìgbà tí a gbọ́ pé wọ́n dá a dúró sí ọsibítù ni gbogbo wa kó ọkọ̀ lọ kí i, a sì gbé páálí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì lọ́wọ́ fún ẹni tí ṣúgà ń bá jà! Mo wà nínú àwọn tó lọ. Mo wà nínú àwọn tó ń pè é ní Òróbó náà.

Súrà Hújúráátì, ẹsẹ 11, kọ̀ fún ọkùnrin láti fi ọkùnrin ṣe yẹ̀yẹ́, ó kọ̀ fún obìnrin láti fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì kọ̀ kí á máa fi ìnagijẹ burúkú pe ara wa. Sáódà, ìyàwó Ànábì (S.A.W.), jẹ́ obìnrin tí ara rẹ̀ wúwo tí kì í yára rìn. Ní Hajj, ó tọrọ àyè pé kí òun tètè kúrò ní Músídálífà kí èrò tó pọ̀. Ànábì yọ̀ǹda fún un. Kò sí ẹ̀fẹ̀, kò sí ìbáwí. Ọ̀nà ni wọ́n là fún un.

Ẹ̀yin ọkọ tó ń fi ìyàwó wé ẹlòmíràn, ẹ gbọ́ èyí. Ànábì (S.A.W.) bá Áíṣà sá eré ìje, Áíṣà borí. Nígbà tó ṣe, tí Áíṣà ti sanra díẹ̀, wọ́n tún sá a, Ànábì borí, ó sì fi ṣeré pé àwọn ti di ọ̀mì. Abú Dáúdà ló gbà á wá. Bí o bá fẹ́ kí ìyàwó rẹ fọn, wọ bàtà rẹ, kí ẹ jọ jáde.

Aṣìṣe kejì wa ni pé ní ilẹ̀ wa, a máa ń yin sísanra. "Ó ti ń jẹun ire," "ara ti ń tù ú." Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, àwọn ènìyàn ń fà mí sẹ́yìn ilé pé, "Àáfà, ṣé kò sí o?" Ìyá kan tilẹ̀ fẹ́ ṣe sàráà fún mi. Bí o bá rí ọ̀rẹ́ rẹ tó ń gbìyànjú, má ṣe dẹ́rù bà á. Sọ fún un pé, "Máṣáláù, má ṣe dúró."

Kí ni Ṣíṣe?

Èkínní: Lọ rí dókítà kí o tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn tí wọ́n bá kọ, lò ó. Wọn nìkan ló lè sọ pé kí o dín in kù. Bí o bá ní àrùn ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, bi wọ́n léèrè kí Ramadan tó dé. Súrà Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185, ti fún aláìsàn ní ìrọ̀rùn. Má ṣe sọ ìrọ̀rùn Ọlọ́hun di ìtìjú.

Èkejì: Wá Hárúnà kan. Arákùnrin fún arákùnrin, arábìnrin fún arábìnrin, tàbí ọkọ, aya, ọmọ ìyá ẹni. Sọ òótọ́ fún un: iye kílò tí o wọ̀n, ohun tí dókítà sọ, àkókò tí oúnjẹ máa ń borí rẹ. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ lè máa rìn ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta nínú híjáàbù yín, tàbí kí ẹ máa yí ọgbà ilé po. Ìrìn kò béèrè owó.

Ẹ̀kẹta: Bẹ̀rẹ̀ kékeré, má sì dá a dúró. Ànábì (S.A.W.) kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí ènìyàn ń ṣe láìdáwọ́ dúró, kódà bó kéré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí dára ju wákàtí méjì tí o kò ní padà ṣe mọ́. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ẹ̀kẹrin: Wo inú abọ́ rẹ. Súrà Á'ráfù, ẹsẹ 31, yọ̀ǹda jíjẹ àti mímu fún wa, ó sì kọ àṣejù. Hádíìsì tí Tírímísì gbà wá láti ọ̀dọ̀ Mìkìdámù kọ́ wa pé bí ènìyàn bá gbọ́dọ̀ kún ikùn, kó pín in sí mẹ́ta: ìdá kan fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan lè ní ṣúgà tó ṣíbí ìpotíì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú. Fi omi rọ́pò rẹ̀. Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo èyí tí àgbàlagbà bá jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn bíi ṣíbí ìpotíì kan.

Ẹ̀karùn-ún: Bí o bá ṣubú, dìde. Ní Iléyá, ẹran borí mi, kílò méjì padà. Ojú tì mí, n kò fẹ́ jáde mọ́. Ní òwúrọ̀ kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn: "Àáfà, mo ti gbàgbé Súrà Burúújì o." Mo wọ bàtà. Ẹni tó bá dá wà, ìgbà tó bá ṣubú ló ń parí. Ẹni tó ní Hárúnà, ìgbà tó bá ṣubú ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa náà ní iṣẹ́. Níbi àsàlátù, wòlímọ̀, ìsọmọlórúkọ àti ìsoyìgì, ẹ jẹ́ kí omi àti èso wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sà àti ẹran. Ẹni tó bá ní òun ti yó, ẹ má ṣe fi "sàráà ni" fipá mú un. Àwọn nọ́ọ̀sì inú wa lè máa gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n-ìfúnpá wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n wọn tinútẹ́ẹ́rẹ́ tisanra, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mọ ilé àwọn méjèèjì. Súrà Máídà, ẹsẹ 2, pa á láṣẹ pé kí á ràn ara wa lọ́wọ́ lórí dáadáa àti ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Èyí wà nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ nítorí àwòrán inú ìwé ìròyìn. Ẹwà kọ́ ni mò ń wí. Mo ń wí nípa ẹsẹ̀ tí yóò yí Káábà po lẹ́ẹ̀méje, tí yóò rin Sáfà sí Máríwà lẹ́ẹ̀méje. Mo ń wí nípa ọmọ mẹ́ta tó wà nílé mi, tí n kò fẹ́ kí ìyá wọn máa fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu.

Nítorí náà, ìwọ tó ń ka ìwé yìí tí dókítà ti sọ fún, ta ni Hárúnà rẹ? Lọ bá a kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ìwọ tí ara rẹ dá ṣáṣá ńkọ́? Ta ló wà lórí àga nínú mọ́sálásí yín? Ta ni kò wá sí ìpàdé mọ́? Àwa méje nínú ẹgbẹ́ ti lọ bẹ arábìnrin wa yẹn, a tọrọ àforíjì. Àwọn arábìnrin méjì ti ń bá a rìn ní ìrọ̀lẹ́ báyìí. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni gbogbo wa ń pè é.

Ọlọ́hun Allah, fún wa ní ara líle tí a ó fi sìn Ọ́. Wo àwọn aláìsàn wa sàn. Mú ahọ́n wa dákẹ́ kúrò níbi yẹ̀yẹ́, fi wá ṣe olùrànlọ́wọ́ fún ara wa, kí a lè jọ máa ṣe àfọ̀mọ́ fún Ọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àmín.